Èéfín Àdúgbò, Iṣẹ́ Káńsù

Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ ní Nàìjíríà ni pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ga ju káńsù lọ. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé afẹ́fẹ́ kì í dúró lójú kan, pé èéfín tó rú ní Muṣin lè balẹ̀ sí Ṣómólú kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á tún ní Àbújá ló ń fọwọ́ sí epo tó ń wọ̀lú, pé iná mànàmáná tí kò dúró ló sọ gbogbo ojúlé di oníjẹnẹrétọ̀, pé NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ló ni iṣẹ́ náà. Kí alága káńsù máa kó gọ́tà, kó máa tún ọjà ṣe, kó fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Èrò yìí wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ yunifásítì, ó wà nínú ìwé ìròyìn, àwọn alága káńsù fúnra wọn ló sì ń sọ ọ́ jù, torí pé ẹni tí iṣẹ́ kò sí lọ́rùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bi í léèrè. Òfin Nàìjíríà tako èrò náà. Ìtàn àwọn ìlú tó ti fọ afẹ́fẹ́ wọn mọ́ náà tako ó.

Bí ìṣòro náà ti tó kò mú àríyànjiyàn wá. Báńkì Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde ní 2020 lórí afẹ́fẹ́ Èkó. Ó ní lọ́dún 2018, èérún tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń pè ní PM2.5, tí irun orí nípọn jù lọ ní ìlọ́po ogún ó lé, jẹ́ máíkírógíráàmù 68 nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí nígbà náà kò ju 10 lọ. Ní 2021 wọ́n bù ú kù di 5. Ìṣirò ìwádìí náà ni pé ènìyàn bí 11,200 ló kú láìtọ́jọ́ nítorí rẹ̀ lọ́dún yẹn, tí èyí tó ju ìdajì wọn lọ jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àti pé àdánù tó bá ọrọ̀ ajé Èkó tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Ọkọ̀, ilé iṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀ ló fi ṣáájú nínú ohun tó fà á.

Ibí yìí ni àwọn tó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti káńsù ti máa ń rí nǹkan dì mú. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n dárúkọ, wọ́n ní kò sí èyí tó wà lábẹ́ àṣẹ alága. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba gbogbo ìlú ni 68 yẹn, kò sì sí ẹni tó ń mí ìpíndọ́gba. Èéfín a máa nípọn jù níbi tó ti ń rú, a sì máa fẹ́lẹ́ bó ṣe ń jìnnà. Ọmọ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ààtàn tó ń jó àti ọmọ tó ń gbé ní òpópónà kejì kì í mí ohun kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń lọ sí ilé ìwé kan ṣoṣo. Òtítọ́ ni pé èérún tó kéré jù a máa rin ìrìn àjò, bí eruku aṣálẹ̀ tí ọyẹ́ ń gbé wá bá Ìbàdàn lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ibi tí ènìyàn ti ń fa èyí tó pọ̀ jù sínú ẹ̀dọ̀fóró, àdúgbò ni, torí àdúgbò ni wọ́n sì ṣe dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé Òfin 1999 kò fi èyí sílẹ̀ fún ìméfò. Àfikún Kẹrin rẹ̀ to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: odò ẹran, ọjà, gáréèjì, kíkó pàǹtírí dànù, ìṣàkóso ṣọ́ọ̀bù àti kíóósì, ti ilé oúnjẹ àti ilé búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìlú Yorùbá dáadáa, tó wá ka ìwé náà, á rí i pé orúkọ ibi tí èéfín ti ń rú ni wọ́n tò kalẹ̀ yẹn.

Odò ẹran ló yẹ kó ṣáájú. Bí wọ́n bá pa màlúù tán, tí awọ rẹ̀ yóò di pọ̀nmọ́, dandan ni kí wọ́n wi irun ara rẹ̀ kúrò. Igi ìdáná ti wọ́n. Táyà àlòkù kì í náni lówó, ó ń jó pẹ́, ooru rẹ̀ sì le. Bí ọ̀pọ̀ odò ẹran ṣe di ibi tí èéfín dúdú ti ń gòkè láti ìdájí nìyẹn. Rọ́bà, òróró, èérí èédú, imí ọjọ́ àti síǹkì ló wà nínú táyà. Nítorí pé iná ojú gbangba kì í jó o tán, èyí tó ṣẹ́kù a máa gòkè bí èérí tó ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ara aṣọ àti inú ẹ̀dọ̀fóró. Alápatà tó dúró tì í ló kọ́kọ́ ń mí i, àwọn ilé tó yí odò ẹran ká ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló kan ẹni tó ra pọ̀nmọ́ lọ́jà.

Ó ti pẹ́ tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ń kìlọ̀ nípa àṣà yìí. Ìkìlọ̀ láti Àbújá kò lè pa iná táyà, torí NAFDAC kò ní òṣìṣẹ́ ní odò ẹran kọ̀ọ̀kan ní aago márùn-ún ìdájí. Káńsù ní. Òṣìṣẹ́ káńsù ló ń gba owó lórí màlúù kọ̀ọ̀kan kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn rẹ̀, ẹni tó bá sì lè dá màlúù dúró nítorí owó lè dá a dúró nítorí táyà. Omi gbígbóná pẹ̀lú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń fá irun ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Iná gáàsì náà ń ṣe é. Ohun tó kù ni kí káńsù ra agbada ńlá àti gáàsì sí odò ẹran, kó fi iye rẹ̀ kún owó màlúù, kó má sì jẹ́ kí táyà gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́. Kò sí apá kankan nínú èyí tó nílò àṣẹ ààrẹ.

Ti ààtàn ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ ti gba iṣẹ́ pàǹtírí lọ́wọ́ káńsù, ó gbé e fún LAWMA, àjọ pàǹtírí rẹ̀. Nígbà tí iná sọ ní ààtàn Olúṣòsùn ní Ọjọ́ọ̀ta ní oṣù Kẹta 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ ní Aláúsá ni gbogbo ojú ń wò. Àpẹẹrẹ yẹn ni wọ́n máa ń fi ti èrò àtijọ́ lẹ́yìn. Wọ́n gbàgbé àwọn òkìtì kéékèèké tó wà lẹ́yìn ọjà, létí odò, lórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò tíì kọ́, tí àwọn ará àdúgbò ń tiná bọ̀ lálaalẹ́ torí pé ọkọ̀ akólẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rá àti ike ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń jó níbẹ̀. Ìjọba tó bá fi òfin de iná sísun láìkó pàǹtírí ń fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀ ni: ẹni tí kò rí ibi da ilẹ̀ sí, kí ni yóò fi ṣe? Ohun tó ń pa iná ààtàn ni kẹ̀kẹ́ akólẹ̀ tó lè gba ọ̀nà tóóró, tó ń wá lọ́jọ́ tí gbogbo ojúlé mọ̀. Káńsù ló súnmọ́ ojúlé tó láti mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n máa ń fi pa ẹnu àlàyé yìí mọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ọjà. Ọjà jẹ́ ti káńsù. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí wọ́n ń po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, ló ń kùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnu èéfín wọn kọjú sí ẹsẹ̀ oníbàárà àti imú ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kéèyàn sùn lóru. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìyẹn gan-an. Ní ọjà Sura ní Erékùṣù Èkó, ilé iṣẹ́ iná kan tó ń lo gáàsì ti gba ipò àwọn jẹnẹrétọ̀ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Àjọ ìjọba àpapọ̀ ló ṣagbátẹrù rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí káńsù tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù lóṣooṣù má ṣe irú rẹ̀. Ti ilé búrẹ́dì tó ń fi igi dáná, àti ti gáréèjì tí dánfó márùn-ún ti ń kùn lórí ìdúró kí èrò tó kún ọ̀kan, kò gba àlàyé púpọ̀. Káńsù ló ń fún ti àkọ́kọ́ níwèé àṣẹ, òun náà ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ìkejì.

Irú àṣẹ yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láyé ìjọba amúnisìn àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, ẹ̀rù wolé-wolé ń ba gbogbo ilé. Ó ń ṣí ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, ó ń wo ṣáláńgá, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé, ó sì lè gbé onílé lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nígbà náà pé ẹ̀fọn ní ìyẹ́, pé ó lè fò láti Agúgù dé Òkè Àdó, nítorí náà kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún gómìnà.

Àmọ́ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló já èrò náà nírọ́ jù. Ọjọ́ márùn-ún gbáko, láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1952, ni kùrukùru àti èéfín èédú fi bo London mọ́lẹ̀. Ní gbọ̀ngàn eré Sadler's Wells, wọ́n dá eré dúró láìparí torí pé àwọn tó jókòó kò rí orí ìtàgé mọ́. Àkọsílẹ̀ ìjọba ní ènìyàn bí 4,000 ló kú. Ìwádìí tí Michelle Bell àti Devra Davis gbé jáde ní 2001 ní wọ́n tó 12,000, pé púpọ̀ nínú àwọn tí ìjọba ní àìsàn fulúù ló pa ní àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, èéfín ló pa wọ́n.

Ọwọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè náà wà nínú èéfín yẹn. Gẹ̀ẹ́sì jẹ gbèsè ogun, ó ń ta èédú rẹ̀ tó dára sí òkèèrè; èyí tó kù fún ará ilé ni èédú wẹ́wẹ́ olówó pọ́ọ́kú tó ń rú èéfín púpọ̀. Ìpín ni wọ́n fi ń ra èédú láti ìgbà ogun, àmọ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1952, ìjọba ní kí ẹni tó bá fẹ́ ra èédú wẹ́wẹ́ yìí bó ṣe wù ú. Ọjọ́ kẹrin sí i ni kùrukùru dé. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ London, tó ti bọ́ sábẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè nígbà náà, kó tírámù ìgbẹ̀yìn kúrò ní títì, ọkọ̀ ojú irin tí iná mànàmáná ń wà, wọ́n fi bọ́ọ̀sì dísẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ London ló ti sọ tírámù di oníná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà.

Àwọn káńsù kò dúró de àjálù. Òfin kan fún Manchester láṣẹ ní 1946 láti ya apá kan ìgboro sọ́tọ̀ tí èéfín kò ti gbọ́dọ̀ jáde, ètò náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1952, ṣáájú oṣù Kejìlá burúkú yẹn. City of London gba òfin tirẹ̀ ní 1954. Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́ tí gbogbo ayé ń yìn kò dé àfi ní 1956, lẹ́yìn tí aṣòfin Gerald Nabarro ti fi àbá tirẹ̀ yọ ìjọba lẹ́nu, ohun tó sì ṣe ni pé ó fún gbogbo káńsù ní irú àṣẹ tí Manchester ti ní. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ káńsù. Ètò owó inú òfin náà ló dára jù: ẹni tó bá yí ibi ìdáná rẹ̀ padà ní agbègbè tí wọ́n ti fòfin de èéfín, káńsù á dá ìdá méje nínú mẹ́wàá owó tó ná padà fún un, nínú ìdá méje yẹn, ìjọba orílẹ̀-èdè á san mẹ́rin fún káńsù.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọ̀rúndún yìí. Ní 2001, ìjọba orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì yí owó orí ọkọ̀ padà lọ́nà tó mú kí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rọrùn láti ní, torí pé kábọ́ọ̀nù tó ń tú jáde kéré. Wọ́n gbójú kúrò lára náítírójìn díọ́ksáìdì tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nígbà tó fi máa di 2012, bí ìdajì ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ClientEarth pe ìjọba lẹ́jọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹgbẹ́ náà láre ní 2015, nígbà tó sì di 2017, ìjọba tó jẹ̀bi náà gbé ẹrù fífọ afẹ́fẹ́ mọ́ lé orí àwọn káńsù.

London kò dúró kí wọ́n rán an níṣẹ́. Boris Johnson ló dá ètò ULEZ, tó ń gba owó lórí ọkọ̀ tó ń rú èéfín jù, lábàá nígbà tó jẹ́ olórí ìlú. Sadiq Khan tó gbapò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2019, ó fẹ̀ ẹ́ ní 2021, ó sì mú un kárí gbogbo London ní oṣù Kẹjọ 2023. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá ju ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ ń san £12.50 lọ́jọ́. Ìròyìn tí ìlú náà gbé jáde ní 2025 ní náítírójìn díọ́ksáìdì létí títì fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí bí ì bá ti rí ká ní kò sí ètò náà. Ní àárín gbùngbùn ìlú, ìdá 54 ni. Àwọn alátakò a máa gbé ìwádìí Imperial College kan ti 2021 jáde, tó ní ìyàtọ̀ tí ULEZ ìbẹ̀rẹ̀ mú wá kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn kì í sọ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó yí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ká nìkan ni ìwádìí náà wò, nígbà tó ṣe pé wọ́n ti kéde ọjọ́ náà tipẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò sì ti pààrọ̀ ọkọ̀ wọn kó tó pé.

Ariwo tó pọ̀ jù ni pé owó ìyà lórí tálákà ni ètò náà. Ìkànìyàn 2021 fi hàn pé ó ju ìdílé mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá ní London tí kò ní ọkọ̀ rárá, àwọn aláìní ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé létí títì ńlá tí wọ́n ń mí èéfín ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ilé wọn wà nítòsí títì South Circular ní Lewisham, kú ní 2013 lẹ́yìn tí ikọ́ fée ti gbé e lọ sílé ìwòsàn láìmọye ìgbà. Ní oṣù Kejìlá 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú kéde pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí wà lára ohun tó pa á, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rí ikú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tálákà ni ètò náà kọ́kọ́ ń gbà sílẹ̀.

Èyí kò ní kí ìnira má sí. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Thamesmead tàbí Dagenham, tó ń fi ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ lọ tọ́jú arúgbó nílé lóru, mọ ìtumọ̀ £12.50 dáadáa. Owó ìrànwọ́ fún pípààrọ̀ ọkọ̀ kéré nígbà tí ètò náà kọ́kọ́ fẹ̀. Àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ fún, ó di oṣù Kẹjọ 2023 kí wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ará London. Àléébù ètò nìyẹn. Wọ́n tún un ṣe nípa fífi owó kún un, kò sì sọ ọ́ di dandan kí wọ́n wó ètò náà. Greater Manchester dá irú ètò tirẹ̀ dúró ní 2022 nítorí ariwo àwọn onítakisí àti onívááànù, ó sì wọ́gi lé e nígbẹ̀yìn. Ìlú tó wà lára àwọn tó ṣáájú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1952 nìyẹn.

Ní Nàìjíríà, àtakò kan wà tó wúwo ju gbogbo èyí lọ: pé bí wọ́n bá fún káńsù láṣẹ lórí èéfín, tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló máa bí. Àwọn ọmọkùnrin tó wọ aṣọ káńsù á máa dá dánfó dúró, wọ́n á fi imú gbóòórùn, wọ́n á sì dárúkọ iye. Ìbẹ̀rù yìí tọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí káńsù bẹ̀rẹ̀ láti títì. Ní London, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń bá awakọ̀ dúnàá dúrà. Níbi tí kámẹ́rà kò bá sí, ibi tí kì í rìn ni kí àṣẹ dúró lé: odò ẹran, ọjà, ààtàn, ilé búrẹ́dì. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ hàn kedere sí gbogbo ojú. Yálà táyà ń jó tàbí kò jó.

Ohun tó ju agbára káńsù lọ wà lóòótọ́, imí ọjọ́ inú epo ni olórí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2016, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Ivory Coast fẹnu kò ní Àbújá pé àwọn kò ní gba epo ìdọ̀tí mọ́. Gánà mú un ṣẹ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nàìjíríà sún ọjọ́ síwájú léraléra. Epo náà ń gba ẹnu ibodè kọjá sí Kutọnu pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ń pè é ní kpayo, tí àwọn ọlọ́kadà ń rà á nínú ìgò létí títì. Kò sí alága káńsù tó lè yí èyí padà. Àwọn tó ń fi gbogbo iṣẹ́ náà lé Àbújá lọ́wọ́ ló yẹ kó ṣàlàyé ìdí tí èyí tó jẹ́ ti Àbújá gan-an fi rí bó ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí gómìnà má gbà á sọ́wọ́ mọ́. Níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀ lé ìdájọ́ náà, àwáwí àìlówó ti dín kù. Agbada omi gbígbóná, kẹ̀kẹ́ akólẹ̀ àti gáàsì kì í ṣe ohun tó ń fọ́ àpò káńsù. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka PM2.5 wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò tó ti táyà mẹ́rin jíìpù alága. Ọ̀kan ní odò ẹran, ọ̀kan lọ́jà, ọ̀kan ní gáréèjì, kí wọ́n máa lẹ ohun tó bá kà mọ́ ara ògiri sẹkiteríàtì lóṣooṣù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìṣirò owó tó wọlé.